Kòkòrò tó kọ̀ tí kò kú nínú gbòǹgbò eyín

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ṣe root canal (wọ́n fọ inú gbòǹgbò eyín, wọ́n sì dí i) sí eyín ńlá kan tí mo fi ń lọ oúnjẹ, lókè lápá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ìrora lọ pátápátá. Wọ́n ní kí n padà wá fi adé (ìdérí líle tó ń bo orí eyín) sí i, ṣùgbọ́n owó iléèwé àwọn ọmọ wọlé dé, ni mo bá ń fi símẹ́ńtì funfun onígbà díẹ̀ tí wọ́n fi dí i jẹun lọ fún bí oṣù mẹ́jọ. Ní báyìí, eéwo kékeré kan yọ sí èrìgì lókè eyín náà. Ó máa ń tú, á gbẹ, á tún yọ. Mo ti lo Ampiclox àti Flagyl lẹ́ẹ̀mẹrin. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní kòkòrò kan tó lágídí ló ṣẹ́ kù sínú gbòǹgbò. Irú kòkòrò wo ló lè la gbogbo oògùn wọ̀nyẹn já? Ṣé kò sí èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni? Àbí kí n kúkú ní kí wọ́n yọ ọ́?"

Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ má tíì yọ ọ́. Àfi tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti là, eyín yẹn ṣì lè pẹ́ lẹ́nu yín dáadáa. Ìbéèrè yín ti oògùn tó le jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò inú gbòǹgbò ń yè torí pé oògùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí torí pé lẹ́yìn tí a pa á tán, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún òmíràn. Ọ̀rọ̀ pé oògùn ò le tó kì í sábàá sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Ampiclox àti Flagyl kúrò lọ́nà ná. Oògùn tí èèyàn gbé mì, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e káàkiri ara. Eyín tó wà láàyè ní ẹran rírọ̀ kan nínú, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gba ihò tín-ín-rín ìsàlẹ̀ gbòǹgbò wọ inú rẹ̀. Tiyín ò ní ẹran yẹn mọ́. Ó kú, wọ́n sì kó o jáde. Ẹ̀jẹ̀ ò wọ ibẹ̀ mọ́, oògùn ò sì rí ọkọ̀ tí yóò gbé e débẹ̀. Ohun tí ẹ ń rí ni pé oògùn náà ń lé àwọn tó ti jáde sínú egungun àti èrìgì sẹ́yìn, eéwo á gbẹ, ẹ ó rò pé ó ti tán. Àwọn tó wà nílé ò tiẹ̀ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lo oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tí ẹ lò ó yẹn, àwọn kòkòrò ibòmíràn nínú ara yín ni ẹ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè borí oògùn.

Ọ̀rọ̀ yìí náà, kòkòrò, máa ń da nǹkan rú. Àwọn kan wà láwọn ọjà wa tí wọ́n máa ń fi ewé tàbí èéfín sí ẹnu èèyàn, tí wọ́n á sì fi ìdin funfun hàn án nínú abọ́ pé inú eyín rẹ̀ ló ti bọ́ sílẹ̀. Ìyá mi àgbà gbà á gbọ́ títí tó fi lọ, mi ò sì bá a jà. Kò sí ìdin kankan nínú eyín. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín kò jìnnà sí òótọ́, ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ló ṣì. Bakitéríà là ń sọ, kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí. Tẹ́ ẹ bá to ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn sórí ìlà, wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà kan lọ.

Ní 1965, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Kakehashi, Stanley àti Fitzgerald, lu ihò sí eyín àwọn eku ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tọ́ àwọn eku kan dàgbà níbi tí kòkòrò kankan ò sí. Àwọn yòókù jẹ́ eku bí eku. Ẹran inú eyín àwọn eku lásán kú, ó sì gba ọyún. Oúnjẹ kún inú ihò eyín àwọn tí kò ní kòkòrò lára, síbẹ̀ eyín wọn fúnra rẹ̀ mọ ògiri tuntun dí ojú egbò náà. Látìgbà yẹn la ti mọ ẹni tí à ń bá jà.

Ibo ni wọ́n wá ń sá sí? Wọ́n ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Inú gbòǹgbò eyín sì láyè ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nínú àwòrán tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọsibítù, ihò gbòǹgbò gùn gbọọrọ bíi páìpù. Irọ́ ni àwòrán yẹn ń pa. Ihò gbòǹgbò gidi dà bí odò tó ń ṣàn nínú igbó: ó fẹ̀ níhìn-ín, ó fún lọ́hùn-ún, ẹ̀ka yà kúrò lára rẹ̀, ibì kan wà tí méjì ti so pọ̀, nígbà tó bá sì dé ìsàlẹ̀, ó lè pín sí bí ẹsẹ̀ adìẹ. Irin roboto tín-ín-rín ni fáìlì tí à ń fi họ ọ́. Ní 2001, Peters àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ micro-CT ya àwòrán inú eyín kí wọ́n tó họ ọ́ àti lẹ́yìn tí wọ́n họ ọ́ tán. Irú irin yòówù kí wọ́n lò, ó kéré tán ìdá 35 nínú 100 lára ògiri ihò náà ni irin ò fọwọ́ kàn rárá.

Tí tiyín bá jẹ́ eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Gbòǹgbò mẹ́ta ló ní, èèyàn á wá rò pé ihò mẹ́ta náà ni. Mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, torí gbòǹgbò iwájú lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń ní méjì, èkejì á sì fi ara pamọ́ sábẹ́ ètè eyín kékeré kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ṣe irú eyín bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ kan. X-ray rẹ̀ dára débi pé mo mú un han gbogbo ẹni tó wà ní yàrá ìtọ́jú. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà padà wá pẹ̀lú eéwo. Ọ̀gá mi gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, ó fi irin ṣóńṣó tẹ ilẹ̀ eyín náà díẹ̀díẹ̀, irin náà sì rì. Ó ní, "Ihò kẹrin rèé. O ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí." Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì tán lára mi.

Ògiri ihò náà tún ní tirẹ̀. Dẹ́ńtìn là ń pè é, ó sì kún fún ọ̀nà tóóró-tóóró. Lápá òkè gbòǹgbò, ẹ lè rí ohun tó lé ní 20,000 irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú ibi tí kò fẹ̀ ju mílímítà kan níbùú àti lóròó lọ. Ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó máíkírómítà kan sí méjì ààbọ̀. Bakitéríà tí kò ju máíkírómítà kan lọ á rìn wọ ibẹ̀ bí ẹni ń wọ ilé bàbá rẹ̀.

Wọn kì í sì í dá gbé. Ẹ rántí àmù àwọn ìyá àgbà: tí wọn ò bá fọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa inú rẹ̀, ẹ ó bá nǹkan tó ń yọ̀. Bíófíìmù nìyẹn, àgbájọ bakitéríà nínú ìdọ̀tí tí àwọn fúnra wọn ṣe bora bí aṣọ. Ẹ da omi sínú àmù, kẹ́ ẹ dà á nù lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní kúrò. Àfi kẹ́ ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ gbo ó. Bó ṣe rí nínú gbòǹgbò náà nìyẹn, àmọ́ ta ló fẹ́ ki kànìnkànìn bọ ihò tí ojú abẹ́rẹ́ ju òun lọ?

Èyí tí dókítà yín pè ní alágídí, bóyá Enterococcus faecalis ló ní lọ́kàn. Ìfun ni ibùgbé rẹ̀. A kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a nínú eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́, ṣùgbọ́n nínú eyín tí wọ́n ti ṣe root canal sí tí kò jiná, ó wà lára àwọn tí a máa ń bá jù. Ó mọ ebi í fara dà. Nígbà tí oúnjẹ bá tán tí àwọn yòókù ń kú, òun á ká jọ bí ìgbín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á máa retí ọjọ́ tí omi ara yóò jò wọlé láti ìsàlẹ̀. Ẹ ó rántí oògùn funfun kan tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú eyín yín láàárín ọjọ́ kan tí ẹ lọ sí èkejì. Calcium hydroxide ni. Ó ń jó bakitéríà bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú ṣe ń jó ọwọ́. pH rẹ̀, òṣùwọ̀n tí 7 jẹ́ ti omi lásán, tí ohun tó bá sì kéré sí i jẹ́ ásíìdì, tó 12.5. E. faecalis ní ohun bí ẹ̀rọ kékeré lára awọ rẹ̀, tó ń fa èròjà ásíìdì wọlé láti fi tu inú ara rẹ̀ lára. Ní nǹkan bíi pH 11, ó ń mí. Tó bá tó 11.5, ó ń kú. Dẹ́ńtìn sì máa ń pa agbára oògùn náà kù, tó fi jẹ́ pé kó tó wọ inú àwọn ọ̀nà tóóró yẹn, ó ti lọ sílẹ̀ sí ibi tí kòkòrò yìí lè gbà.

Síbẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó ń di gbogbo ẹ̀bi ru òun nìkan. Ó ti dà bí ọmọ ìta àdúgbò tí wọ́n máa ń lọ mú nígbàkígbà tí ewúrẹ́ bá sọnù. Láti ìgbà tí a ti ń ka DNA ohun tó wà nínú gbòǹgbò, a ti rí i pé ọ̀pọ̀ mìíràn ló ń bá a gbé, títí kan Candida albicans, tó jẹ́ irú ìwúkàrà kan, tí kì í ṣe bakitéríà rárá. Eyín mìíràn sì wà tí àìsàn rẹ̀ ò tán, tí E. faecalis ò sì sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bí a ṣe ń lé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó da omi oògùn sínú eyín yín, ẹ wò ó bóyá yóò ta rọ́bà pẹlẹbẹ kan bo ẹnu yín, tí eyín kan ṣoṣo náà á yọ lójú ihò ara rẹ̀. Rubber dam là ń pè é. Sanford Barnum, dókítà eyín kan ní New York, ló mú un jáde ní 1864, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ṣì ń ṣe root canal láìlo ó. Ẹ̀kán itọ́ kan ní bakitéríà lọ́nà mílíọ̀nù. Ẹni tó ń gbálẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ń gbé iyanrìn wọlé, ìgbà wo ló fẹ́ gbá a tán?

Iṣẹ́ fáìlì ni láti la ọ̀nà. Omi ni yóò gba ọ̀nà náà kọjá lọ pa kòkòrò. Omi tó sì jẹ́ ọ̀gá wọn títí dòní ni sodium hypochlorite. Ẹ mọ̀ ọ́n: ọmọ ìyá Jíìkì tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Henry Dakin po èyí tí kò le púpọ̀, ìdá 0.5 nínú 100, tí wọ́n fi ń fọ egbò àwọn ọmọ ogun. Nínú eyín, àwọn kan ń lo ìwọ̀n yẹn, àwọn kan ń gòkè dé 5.25 tàbí 6. Àǹfààní rẹ̀ tí n kò rí lára omi mìíràn ni pé ó ń yọ́ ẹran tó ti kú, ó sì ń yọ́ bíófíìmù tó ń yọ̀ yẹn. Òun ni kànìnkànìn, òun náà ni ọṣẹ.

Kí ló wá dé tí a ò kàn lo èyí tó le jù, kí ọ̀rọ̀ tán? Torí agbára rẹ̀ ń tán bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó ti ń pàdé ẹran òkú, bẹ́ẹ̀ ni klorín inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Èyí tó le, tó dúró gbagidi sójú kan, kò ní pẹ́ rọ. Èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí à ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lemọ́lemọ́, á máa jà lọ. Èmi fara mọ́ omi tuntun, omi púpọ̀ àti sùúrù ju omi líle lọ. Dókítà tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá fọ eyín onígbòǹgbò mẹ́ta, ti pé omi rẹ̀ le kò lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ ibi tí omi dé tún wà níbẹ̀. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ẹnu abẹ́rẹ́ tó ń tú u jáde, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí tí yóò fi ku mílímítà kan tàbí méjì sí ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn tún máa ń há síbẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá da omi sínú ìgò ọlọ́rùn tóóró lójijì tí omi ń pa kuluku tí kò fẹ́ wọlé. Irin kékeré kan tí ẹ̀rọ ultrasound ń gbọ̀n ni a fi ń ru omi náà sókè, kó lè ta wọ àwọn ẹ̀ka tí fáìlì ò mọ̀ rí. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo lè fowó rà sí ilé ìwòsàn eyín tí kò lówó púpọ̀, ẹ̀rọ yẹn ni mo máa dárúkọ ṣáájú laser.

Ìyẹ̀fun eyín tí fáìlì họ máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹrẹ̀, á sì dí ẹnu àwọn ọ̀nà tóóró náà. Hypochlorite ò lè kó o. Omi mìíràn tó ń jẹ́ EDTA, ìdá 17 nínú 100, ló ń ṣe ìyẹn, ìṣẹ́jú kan ti tó. Ọmọ Norway kan, Nygaard-Østby, ló mú un wọ iṣẹ́ wa ní 1957. Àwọn kan tún ń fi chlorhexidine, omi apakòkòrò mìíràn, ìdá 2 nínú 100, kádìí rẹ̀. Ó ń bá E. faecalis jà dáadáa, ó sì ń pẹ́ lára ògiri, ṣùgbọ́n kò lè yọ́ ohunkóhun, bó bá sì pàdé hypochlorite nínú ihò, ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú ni wọ́n máa bí, tí yóò tún dí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́.

Ìkìlọ̀ kan rèé o. Tí wọ́n bá fi agbára ti hypochlorite kọjá ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè: ìrora á gbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú á wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dúdú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín ki òwú bọ Jíìkì kó fi sí eyín. Mo ti tọ́jú ẹni tó ṣe é, èrìgì rẹ̀ bó bí awọ ìṣu tí a sè.

Ní 1997, Sjögren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden wá bakitéríà inú eyín kí wọ́n tó dí i, wọ́n sì ń tọpa àwọn eyín náà títí dé ọdún márùn-ún. Níbi tí wọn ò ti rí kòkòrò, ìdá 94 nínú 100 ló jiná. Níbi tí wọ́n ti rí i, ìdá 68. Àwọn olùkọ́ wa máa ń fi 94 yẹn dẹ́rù bà wá. Èmi, 68 yẹn ló máa ń mú mi ronú. Bakitéríà wà nínú àwọn eyín yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n dí i, síbẹ̀ èyí tó ju ìdajì lọ jiná. Èyí tí a bá sé mọ́ inú gbòǹgbò pinpin, tí kò rí oúnjẹ, tí kò sì rí ọ̀nà jáde, sábà máa ń dákẹ́ síbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi lọ nígbà tí mo ka ìbéèrè yín. Oṣù mẹ́jọ, mà! Símẹ́ńtì onígbà díẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ṣe é fún. Tẹ́ ẹ bá ń fi jẹ ẹ̀bà àti ẹran lójoojúmọ́, á máa jẹrà, etí rẹ̀ á là díẹ̀, itọ́ á sì máa jò wọlé. Ohun tí wọ́n fi kún inú ihò gbòǹgbò, gutta-percha, oje igi bíi rọ́bà ni. Tí òkè bá ti ṣí, kò lè dá itọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Mi ò fi yín bú. Owó iléèwé kì í dúró de eyín ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, ó yẹ kí wọ́n ti fi ohun líle dí i lọ́jọ́ tí wọ́n parí, kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ adé.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni mo fura sí: ihò kẹrin tí wọn ò rí, tàbí òkè tó jò. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ilé ìwòsàn eyín ti Yunifásítì wà ní Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí yín. UCH Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Wọ́n á ki gutta-percha tín-ín-rín kan bọ ojú eéwo náà, wọ́n á ya X-ray, irin-àjò rẹ̀ á sì fi gbòǹgbò tí ọyún ti ń wá hàn wọ́n. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wò ó bóyá gbòǹgbò kan ti là lóòró, torí eyín tí kò ní adé lè là lábẹ́ egungun ẹran. Tó bá là, yíyọ ló kù, kò sí omi tó lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Tí kò bá là, wọ́n á yọ gutta-percha àtijọ́, wọ́n á wá ihò kẹrin, wọ́n á fọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe wí, wọ́n á fi calcium hydroxide sí i fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ojú eéwo yẹ kó padé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tó bá kọ̀ tí kò padé, iṣẹ́ abẹ kékeré wà: wọ́n á gba inú èrìgì gé mílímítà mẹ́ta kúrò ní ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀ka wà, wọ́n á sì fi símẹ́ńtì MTA dí ibẹ̀ láti ẹ̀yìn. Egungun kì í kún lọ́jọ́ kan. Ẹ ó padà lọ ya X-ray ní oṣù mẹ́fà àti ní ọdún kan.

Ẹ gbé gbogbo X-ray àtijọ́ dání. Ẹ béèrè iye tí adé máa jẹ lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n tó fi irin kan eyín náà, tí owó rẹ̀ ò bá sì tíì pé, ẹ sọ ọ́ láìtijú, kí wọ́n lè mọ irú ohun tí wọ́n máa fi dí i. Tí ojú yín bá wú láàárín kan, tí ibà gbé yín, tàbí tí itọ́ gbígbé mì nira, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà.